Odidi Ọ̀rọ̀ Ni Kí O Sọ fún Àwọn Tíṣà Rẹ

Ìkọ̀lé-Èkìtì,
Ọjọ́ Ẹtì, lọ́sàn-án.

Bọ́sẹ̀dé ọmọ mi,

Má jẹ́ kí àyà rẹ já pé o rí lẹ́tà tó gùn báyìí. Ara mi le, kò sẹ́ni tó kú, òrùlé ilé wa kò sì ṣí. Fóònù tí o rà fún mi ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé àfi kí n lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá lọ ni yóò máa bá mi dá sí ohun tí mo bá ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí mo ní lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọlọ́kadà tó ń gbé mi lọ sọ́jà ni yóò mú lẹ́tà yìí wá bá ọ ní Ìlúpéjú. Fún un lómi mu.

Láti Sátidé tí o ti wá, ọkàn mi kò balẹ̀. O jókòó sórí àga bàbá rẹ, o kò jẹ ju òkèlè mẹ́ta lọ nínú iyán tí mo fọwọ́ ara mi gún, o ní, “Màámi, iṣẹ́ yìí ti sú mi. Bí oṣù bá parí, n ó kọ̀wé fi í sílẹ̀.” Mo bi ọ́ pé kí ló dé. O ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò àṣekágbá pa. O ní àwọn ọmọ mẹ́tàlélógún tó wà ní kíláàsì tó ga jù, àwọn tí yóò kọ́kọ́ jáde ní ilé-ìwé yín láti ìgbà tí ìjọ ti dá a sílẹ̀, kò tíì ya fọ́tò, máàkì wọn kò tíì pé sójú kan, Ọ̀gá Ọmọ́táyọ̀ igbákejì rẹ sì fẹ̀yìn ti àga, ó ń ka ìwé ìròyìn. Mo ní, “Ṣé o sọ fún un?” O ní, “Mo sọ fún wọn, Màámi. Mo ní, ‘Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ, sà.’ Wọ́n ní, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, madáàmù, Ọlọ́run á ràn wá lọ́wọ́.’”

Mo ní kí wọ́n bá ọ gbé iṣu mẹ́rin àti kẹ́ẹ̀gì epo sínú búùtù, mo gbàdúrà fún ọ, o sì lọ. Mo mọ̀ pé o rò pé ọ̀rọ̀ rẹ kò ká mi lára. Ojú ló ń tì mí, Bọ́sẹ̀dé. Ohùn ara mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ. Gbogbo ohun tí o ń ṣe ní Ìlúpéjú yẹn, mo ti ṣe é rí, ó sì pa àwọn ọmọ ọlọ́mọ lára. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n fi ibi tí mo ṣubú sí hàn ọ́, torí n kò sọ ọ́ fún ọ rí.

Nígbà náà, ìjọba kò tíì sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Ọmọ tó bá fẹ́ wọ girama gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò àṣewọlé, fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ní Ìkọ̀lé níbí kí ọjọ́ tó pé. Wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan ní abúlé kan lẹ́yìn Òkè-Àkò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí, ìwọ sì wà lẹ́yìn mi, eyín méjì péré lo ní, o fi ń gé mi lọ́mú jẹ. Mo débẹ̀, ta ni mo bá tó fẹ́ ṣe igbákejì mi? Bàbá Tíṣà. Ẹni tó kọ́ mi ní a-b-d nígbà tí mo wà ní kékeré! Ẹni tó fi pàṣán nà mí lọ́wọ́ torí pé mò ń kọ nọ́ńbà mẹ́ta sódì. Sátífíkéètì mi ló ga ju tiẹ̀ lọ tí wọ́n fi fi mí ṣe olórí rẹ̀. Bí mo ṣe wọlé, ọkùnrin náà dìde dúró, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá mi.” Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Láti ọjọ́ náà, n kò lè rán an níṣẹ́. Báwo ni n ó ṣe la ẹnu pé kí ẹni tó kọ́ mi níwèé lọ síbí, kó lọ sọ́hùn-ún? Bí mo bá fẹ́ nǹkan, n ó sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. N ó sọ ọ́ fún ojú fèrèsé, kó lè gbọ́. Wọ́n sáà ti kọ́ wa pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi.

Ọmọ mọ́kànlá ló fẹ́ ṣe ìdánwò lọ́dún náà. A kọ fọ́ọ̀mù wọn tán, a lẹ fọ́tò mọ́ ọn, mo fi okùn dì í, mo kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì mi tí kò ní àgádágodo. Bàbá Tíṣà nìkan ló ní kẹ̀kẹ́ nínú gbogbo wa. Ní ọjọ́ Ajé, mo ní, “Bàbá, àwọn fọ́ọ̀mù yìí mà ti ń pẹ́ níbí o.” Ó ní, “Ó ti pẹ́ lóòótọ́, ọ̀gá mi.” Ní Ọjọ́rú, mo tún ní, “Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ló ń gbádùn ọ̀nà Ìkọ̀lé báyìí tí òjò dá.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí táyà bẹ́.” Mo bá kúrò níbẹ̀, inú mi dùn, mo rò pé mo ti rán an níṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ara rẹ gbóná bí iná. Mo gbé ọ wọ ọkọ̀, mo gbé ọ wá sí ọsibítù ní Ìkọ̀lé. Gbọ́ mi dáadáa: Ìkọ̀lé kan náà! Mo gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì tí fọ́ọ̀mù ń lọ kọjá ní ẹ̀ẹ̀mejì, n kò mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. N kò tilẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wò kí n tó kúrò nílé-ìwé, torí mo rò pé Bàbá ti gbé e lọ. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ pé. Nígbà tí mo padà ní ọjọ́ Ajé tí mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀ pẹ̀lú okùn tí mo fi dì í. Mo padà sí Ìkọ̀lé lọ́jọ́ náà, mo kúnlẹ̀ fún akọ̀wé ọ́fíìsì, ó ní wọ́n ti kó ti gbogbo agbègbè lọ sí Àkúrẹ́.

Nínú àwọn ọmọ náà ni ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Morẹ́nikẹ́. Bí o bá kọ ìṣirò sójú pátákó, kí o tó yíjú padà, ó ti ṣe é tán. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníkòkó ni, wá bá mi nílé-ìwé. Mo ti múra pé yóò pariwo lé mi lórí. Kò pariwo. Ó bọ́ fìlà sọ́wọ́, ó ní, “Ìyá ọ̀gá, ṣé ọmọ mi ni kò ṣe dáadáa ni?”

Méje nínú wọn padà wá ṣe ìdánwò lọ́dún kejì, Morẹ́nikẹ́ wà nínú wọn, ó yege, nọ́ọ̀sì ni báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin kò padà mọ́. Òbí wọn kó wọn lọ kọ́ṣẹ́, wọ́n kó wọn lọ sí Èkó. Ọ̀kan nínú wọn ni káfíńtà tó kan ilẹ̀kùn ilé yìí. Ó ṣì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ń pè mí ní tíṣà rẹ̀, n kì í sì í lè wo ojú rẹ̀ pẹ́.

Mo ní láti sọ èyí tó burú jù, torí bí mo bá fi í pamọ́, asán ni gbogbo lẹ́tà yìí. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ kọ̀wé béèrè pé ta ló jẹ̀bi. Mo fèsì pé iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ igbákejì mi. Wọ́n kọ ìwé ìbáwí sí Bàbá Tíṣà, ìgbéga tó yẹ kó gbà sì dúró fún ọdún méjì. Kò bá mi jà, kò rojọ́ mi fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì tí ìwé náà dé, ó wọlé, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi,” ó sì lọ sí kíláàsì rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí n ó sọ fún ọ báyìí, mo fi ojú rí i ni.

Èkíní, odidi ọ̀rọ̀ ni kí o máa sọ. “Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ” kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́. Pe orúkọ ẹni, pe iṣẹ́, pe ọjọ́. “Ọ̀gá Ọmọ́táyọ̀, sà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gba máàkì àwọn mẹ́tàlélógún yìí jọ lọ́wọ́ gbogbo tíṣà, kó pé sórí tábìlì mi ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀.” Lẹ́yìn náà, bi í pé, “Báwo lẹ ṣe rò pé ó yẹ kí á ṣe é, sà?” Má bi í pé ṣé ó yé e. Àgbàlagbà wo ni yóò sọ pé kò yé òun? Jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ to iṣẹ́ náà, ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ bó bá gbọ́ ọ tàbí kò gbọ́ ọ. N kò ní kí o ju òwe nù o, ìyá olówe ni mí. Òwe dára níbi ìgbéyàwó, ó dára níbi tí ẹbí méjì ti ń jà. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kò gbọ́ òwe.

Mo mọ̀ pé o máa ní, “Màámi, ọmọ ọdún mélòó ni mí lójú wọn?” Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọ mọ èyí kí wọ́n tó fi ẹ̀yin méjèèjì síbẹ̀. Kúnlẹ̀ kí wọn ní àárọ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, kí o sì rán wọn níṣẹ́ tí o bá dìde. Ìkúnlẹ̀ kò ní kí ènìyàn má rán ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀, ó sì tàn mí jẹ.

Èkejì ni ti ètò. O rántí bí bàbá rẹ ṣe ń ṣe oko. Ọjọ́ tí òjò rọ̀ kọ́ ló ń wá èèbù iṣu kiri. Nínú ọyẹ́ ló ti máa kà wọ́n, tó máa mọ èyí tí kòkòrò ti jẹ, tó máa mọ iye ebè tí yóò kọ àti ẹni tí yóò bá a kọ ọ́. Ọjọ́ tí iṣu máa wọlẹ̀ ló fi ń ka ọjọ́ padà. Ìwọ náà ka ọjọ́ padà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dé Adó, Ọjọ́rú ni kí o ti buwọ́ lù ú tán. Kí o tó buwọ́ lù ú, máàkì gbọ́dọ̀ ti pé. Kí máàkì tó pé, fọ́tò gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, o sì mọ̀ pé Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni oníyàwòrán ti ń bọ̀, kò ní í wá ní ẹ̀ẹ̀mejì. Má fi í sí ọjọ́ ọjà, ìdajì àwọn ọmọ náà yóò tẹ̀lé ìyá wọn ru ẹrù. Má fi iṣẹ́ gidi kankan sí ọjọ́ Ẹtì. Ta ni kò mọ Èkìtì wa? Bó bá ti di ọjọ́ Ẹtì, tíṣà méjì ó kéré tán ti wọ ọkọ̀ lọ síbi ìsìnkú.

Gba kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan, fi bírò pupa yí àwọn ọjọ́ yẹn ká, kọ orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ sí ìdí rẹ̀, kí o sì kàn án mọ́ ògiri yàrá àwọn tíṣà. Mo ní yàrá àwọn tíṣà, mi ò ní ọ́fíìsì rẹ. Mo mọ̀ ọ́. O máa ń ṣe ètò, ó máa ń dára bí ẹni tò ó sínú àwo, o ó sì wá kó o sínú báàgì rẹ. Ìgbà ìgbéyàwó rẹ ńkọ́? Gbogbo ohun tí a máa ṣe wà nínú ìwé kékeré kan, ìwé sì wà lọ́wọ́ ìwọ nìkan, ìwọ sì wà lábẹ́ ìbòjú níwájú pásítọ̀. Àwa tó wà nítà kò mọ ẹni tó yẹ kó lọ gbé omi. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n ilé-ìwé kì í ṣe ọjọ́ kan.

Kí o tó sọ nǹkan nínú ìpàdé, kọ́kọ́ lọ bá Ọ̀gá Ọmọ́táyọ̀ ní òun nìkan. Jókòó ti wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí ìjọ tún bẹ̀ kó wá ràn yín lọ́wọ́, kò yẹ kó jẹ́ ìgbà tí àwọn tíṣà kéékèèké bá ń gbọ́ ni òun náà yóò gbọ́. Má sì fi bébà rán ọmọ ilé-ìwé sí tíṣà kankan, kó wá máa kà á fún wọn bí ọlọ́pàá. Bí tíṣà bá ṣe ohun tí kò dára, pè é wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, bí o ṣe sọ ọ́ ni yóò sọ bí wọ́n ṣe máa gbà á.

Ìpàdé náà, má pè é ní aago méjì kọjá, nígbà tí ọkàn olúkúlùkù ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà. Àárọ̀ ni kí o pè é, kó má gùn.

Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, yóò bàjẹ́ nígbà mìíràn, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ ibi tí ọwọ́ tìrẹ wà nínú rẹ̀. Má ṣe bí èmi ti ṣe. Ọdọọdún ni mo ń gbé iṣu lọ fún Bàbá Tíṣà ní ọdún tuntun láti ọjọ́ yìí wá, mo ń ra aṣọ fún un, mo rò pé yóò yé e pé mò ń tọrọ àforíjì. Ó ń gba iṣu, ó ń súre fún mi. N kò la ẹnu rí.

Lẹ́yìn tí o lọ ní Sátidé, mo rò ó títí. Ní àná Ọjọ́bọ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Àkò, mo gun ọ̀kadà wọ abúlé náà. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ríran. Mo bá a níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀. N kò gbé iṣu kankan lọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní, “Bàbá, èmi ni mo jẹ̀bi ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn. N kò rán yín níṣẹ́, mo sì kọ̀wé pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín. Mo parọ́ mọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.”

Ó ní, “Ó dùn mí nígbà náà. Ó dùn mí gan-an ni. Dìde, kò dùn mí mọ́.” Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ó ní, “Ojoojúmọ́ ni mò ń rí fọ́ọ̀mù yẹn bí o bá ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà kẹ̀kẹ́ mi láti ulé, mo wọ bàtà tí mo fi ń rìnrìn àjò wá.”

Mo ní, “Bàbá, kí ló wá dé tí ẹ kò gbé e lọ?”

Ó ní, “O kò rán mi. Ìwọ ni ọ̀gá. Bí mo bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá tí mo gbé uṣẹ́ tí wọn kò fún mi, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní àgbàlagbà yìí fẹ́ gba uṣẹ́ mọ́ ọmọbìnrin tó kọ́ níwèé lọ́wọ́. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o ń sọ nípa kẹ̀kẹ́. Mo ní, ó ṣì ń rò ó ni, bó bá pinnu tán, á rán mi. Mò ń dúró kí o rán mi ni.”

Bọ́sẹ̀dé, mo sunkún níwájú ilé Bàbá bí ọmọ kékeré. Èmi ń bọ̀wọ̀ fún un, òun ń bọ̀wọ̀ fún mi, ọmọ mọ́kànlá sì jókòó sílé.

N kò mọ ohun tó wà nínú Ọ̀gá Ọmọ́táyọ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀lẹ, ó lè jẹ́ pé ó ń bínú pé wọ́n fi ọmọdé ṣe olórí òun. Ó sì lè jẹ́ pé lẹ́yìn ìwé ìròyìn tó ń kà yẹn, ó ń dúró. O kò lè mọ̀ títí o fi máa sọ ọ́ jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o sọ fún mi ní Sátidé ti ku méjì báyìí, ó sì tó bí o bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Dé ilé-ìwé kí àwọn ọmọ tó tò. Kí Ọ̀gá Ọmọ́táyọ̀, jókòó ti wọn, kí o sọ gbogbo rẹ̀. Bó bá kọ̀ lẹ́yìn tí o ti sọ odidi ọ̀rọ̀ tán, padà wá sílé, èmi fúnra mi ni n ó bá ọ kọ ìwé tí o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, n kò ní í bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n mo gbà gbọ́ pé o kò ní í nílò rẹ̀.

Rán an níṣẹ́, ọmọ mi. Àwọn mẹ́tàlélógún yẹn kò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀wọ̀ fún ara yín. Fọ́tò ni wọ́n ń retí láti yà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tó sì fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ.